Ṣé ẹ̀rọ aṣàwárí irin olówó pọ́ọ́kú lè tó ẹni tó kàn fẹ́ fi gbafẹ́?

Ọ̀dọ́kùnrin olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Bẹ̀nẹ̀ níbí. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni wọ́n ti bí bàbá mi, Àjàṣẹ́ ni èmi ń gbé. Ó pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fà sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀, kí n máa gbé e jáde lọ́jọ́ Sátidé láti fi gbafẹ́. Owó tí mo tù jọ kò ju 150,000 fránǹkì sẹ́fà lọ. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé ohun ìṣeré ọmọdé ni èyí tí owó bẹ́ẹ̀ lè rà. Ṣé kí n rà á, àbí kí n ṣì máa tu owó jọ? Oko bàbá mi àgbà ní Kétu ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà etí òkun Sẹ̀mẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn ahoro ìlú àtijọ́.”

Àbúrò mi, ó tó. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn lè ra ẹ̀rọ tí wàá lò fún ọdún márùn-ún kí o tó mọ gbogbo ohun tó lè ṣe. Ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta tí o dárúkọ yẹn, ìdáhùn wọn ò dọ́gba. Ní oko, ó tó dáadáa. Ní etí òkun, ó sinmi lórí èyí tí o bá rà. Ní ahoro, má dé ibẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ mílíọ̀nù méjì lo gbé lọ́wọ́. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ń tún ṣe ní Kétu níbí kí n tó di ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè pé kó wá bá wọn wá òrùka tó bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí ẹni tó bá mọ ìyẹn, ọlọ́jà kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó ọwọ́ rẹ̀.

Nínú àwo pẹlẹbẹ tó wà ní ìdí ọ̀pá ẹ̀rọ náà, wáyà bàbà tí wọ́n wé ló wà níbẹ̀, ìdì méjì. Ìdì kìíní ń rán agbára mágínẹ́ẹ̀tì sínú ilẹ̀, agbára náà sì ń yí padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá kan irin, iná kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo lára irin náà, iná yẹn á sì rán agbára tirẹ̀ padà sókè bíi gbohùngbohùn. Ìdì kejì ló ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó gbọ́ nìkan, ó tún ń wo bí gbohùngbohùn náà ṣe pẹ́ tó kó tó dé. Ti bàbà àti fàdákà máa ń pẹ́ ju ti òjé tàbí bébà alumíníọ̀mù inú páálí sìgá lọ, torí iná máa ń sáré geere lára wọn. Irin dúdú, bí ìṣó àti ọkọ́, ní ìwà tirẹ̀ lọ́tọ̀ torí pé mágínẹ́ẹ̀tì ń fà á. Ohun tí ẹ̀rọ rí nìyẹn tó fi ń dún ohùn kíké tàbí ohùn ìsàlẹ̀, tó sì ń kọ nọ́ńbà sójú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan, olówó kékeré tàbí olówó ńlá, tó mọ̀ pé “wúrà nìyí”. Bí irin ṣe fèsì nìkan ló mọ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1881, nígbà tí wọ́n yìnbọn fún James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell tó ṣe tẹlifóònù gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ láti wá ọta náà. Kò rí i. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe ni pé ibùsùn ọ̀hún ní irin sípíríǹgì nínú, àti pé dókítà kò jẹ́ kó wá a dé gbogbo ara. Bí o bá wọ bàtà onírin lọ sóko, tí o sì fi fóònù sápò tó súnmọ́ àwo, ohun tó ṣe Bell ló máa ṣe ìwọ náà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán, torí oríṣi méjì ni wọ́n ń pè ní olówó kékeré. Èkíní ni àwọn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 30,000 tàbí 40,000, tí abẹ́rẹ́ kan ń mì lójú wọn, tí orúkọ tó wà lára wọn sì ń yí padà lóṣooṣù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà ni. Mo ti tú irú rẹ̀ palẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ mi. Wáyà tí wọ́n fi sínú àwo rẹ̀ kò dúró dáadáa, bí koríko bá ti gbá a ó ń dún. Fi ìyẹn sílẹ̀. Èkejì ni ìpele ìbẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yìí: Garrett ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú Ace 200 àti Ace 250, Minelab ti Ọsirélíà pẹ̀lú Vanquish 340, Nokta ti Tọ́kì pẹ̀lú Simplex. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń sọ nígbà tí mo ní ó tó. Yúrò kan jẹ́ 655.957 fránǹkì, 150,000 tìrẹ sì jẹ́ nǹkan bíi 229 yúrò, sàkáání ibi tí wọ́n wà nìyẹn, bí o bá yọ owó ọkọ̀ àti owó dùwánì (owó orí ẹrù ní ẹnubodè) tó máa gun orí rẹ̀. Bí owó kò bá ká a, ra àlòkù. Wo okùn tó so àwo mọ́ orí ẹ̀rọ bóyá ó ti là, ṣí ilé píìlì kí o wò ó bóyá ó ti dípàtà, kí o sì fi owó onírin dán an wò níṣojú ẹni tó fẹ́ tà á.

Bí o bá ń ṣiyèméjì pé ẹ̀rọ kékeré lè rí nǹkan gidi, gbọ́ èyí. Ní oṣù Keje 2009, Terry Herbert, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ oko kan lágbègbè Staffordshire pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ti lo ọdún 14, tí àwọn ìwé ìròyìn ní ó rà ní pọ́n-ùn méjì àbọ̀ ní ọjà àlòkù. Wúrà àti fàdákà tó jáde nínú oko yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹyọ, wọ́n sì dá iye lé e ní mílíọ̀nù 3.285 pọ́n-ùn, òun àti olóko ló pín in. Má fi èyí lálàá o. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí níbẹ̀ ni pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ ro oko náà, ìtúlẹ̀ sì ti gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ wá sókè. Ẹ̀rọ àkọ́rà ń gbọ́ owó onírin tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 bí ilẹ̀ bá dára. Oko tí wọ́n ti ń kọ ebè sí láti ìran dé ìran, ohun tó sọnù níbẹ̀ kò sábà jìn ju ibẹ̀ lọ.

Bí ilẹ̀ bá dára ni mo wí. Ilẹ̀ wa ni wàhálà gan-an, ohun tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sì í sọ nìyẹn, torí ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n fi dán an wò. Pípupa tí ilẹ̀ Kétu pupa yìí, irin tó ti dípàtà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yangí pàápàá kún fún irin. Nítorí náà kí àwo rẹ tó gbọ́ ohunkóhun mìíràn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ní àkókò tí mo kọ́kọ́ ra tèmi, mo yí agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ dé òkè pátápátá, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe jìn sí i. Mo lo odidi ọjọ́ kan nínú oko iṣu ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo gbẹ́ ihò tí kò ní nǹkan nínú títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, gbogbo ohùn tí mo ń gbọ́, ilẹ̀ ni. Nígbà tí mo yí i sísàlẹ̀ dé ìdajì, ariwo náà dákẹ́, ohun àkọ́kọ́ tó sì dún lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ òrùka ìdè ọkọ́ tó wà nísàlẹ̀ ju gbogbo ihò tí mo ti gbẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà èyí gbọ́ àfi tí wọ́n bá rí i: lórí ilẹ̀ pupa, bí o bá dín agbára kù, ẹ̀rọ á jìn sí i, torí yóò gbọ́ irin yàtọ̀ sí ariwo.

Ohun tí mo fi ń yan ẹ̀rọ fún ará Kétu nìyẹn. Ẹ̀rọ tó bá gbà kí o mú un bá ilẹ̀ mọ̀ra fúnra rẹ ni kí o rà. Lórí Simplex, bọ́tìnì kan wà tí wàá tẹ̀ mọ́lẹ̀, wàá máa gbé àwo sókè, wàá máa sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò ní irin, títí ariwo fi dákẹ́. Ace 200 àti 250 kò ní irú rẹ̀, ilé iṣẹ́ ti sé e síbi kan. Ẹ̀rọ tó dára ni wọ́n, wọ́n rọrùn, ṣùgbọ́n lórí yangí wọn yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu. Bí oko bàbá rẹ àgbà bá ni ibi tí wàá ti máa lò ó jù, wá Simplex, bó tilẹ̀ jẹ́ àlòkù. Bí òkúta yangí kan bá sì ń dún bí irin, gbé àwo sókè díẹ̀ kí o tún fi gba ọ̀nà kejì kọjá. Ohùn òkúta á pòórá, ohùn irin á dúró síbi tó wà.

Etí òkun Sẹ̀mẹ̀ yàtọ̀. Lórí iyanrìn gbígbẹ, gbogbo ẹ̀rọ tí mo dárúkọ ló ń ṣiṣẹ́ geere. Ṣùgbọ́n iná ń gba inú omi iyọ̀ kọjá, nítorí náà iyanrìn tí omi òkun ti rin máa ń fèsì bíi pé òun náà jẹ́ irin. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ń yí padà ní ìwọ̀n ìyára kan ṣoṣo, bíi Ace 250 tó wà ní 6.5 kilohẹ́ẹ̀tì (ìgbà 6,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) tàbí Simplex, á máa sọ̀rọ̀ wótòwótò níbẹ̀. Vanquish 340 ń lo ìwọ̀n ìyára púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló jẹ́ kó lè fi omi iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwo rẹ̀ nìkan ló lè wọ omi o, orí rẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Ìwọ náà má wọ omi. Ìgbì òkun wa kò mọ olùwẹ̀dò, kò sì sí òrùka tó tó ẹ̀mí.

Nísinsìnyí, ohun tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwa tí a ń ná sẹ́fà. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ní ètò kan tí wọ́n fi ń ní kí ó má dún fún irin dúdú, kí ìṣó má bàa dààmú ẹni. Gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń tan ètò yẹn. Mú 100 fránǹkì tó wà lápò rẹ, fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ṣe é láti 1967, níkẹ́ẹ̀lì sì ń gbọ́rọ̀ sí mágínẹ́ẹ̀tì bí irin. Ẹyọ 1 fránǹkì náà, láti 1976, irin ni. Nítorí náà ẹ̀rọ tí o ti ní kó fi ìṣó sílẹ̀ lè kọjá lórí 100 fránǹkì láìsọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n 50 fránǹkì, bàbà tí wọ́n lú mọ́ níkẹ́ẹ̀lì ni, mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú un. 10 àti 25 pupa rẹ́súrẹ́sú bí idẹ, bàbà ló pọ̀ nínú wọn, ohùn wọn mọ́ ketekete. Kí o tó lọ síbikíbi, tẹ́ wọn sórí pákó tí kò ní ìṣó, gba àwo kọjá lórí ìkọ̀ọ̀kan, kí o kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń fi hàn sínú ìwé. Àwọn ará Yúróòpù ti kọ ìwé irú èyí fún owó tiwọn. Tiwa, ọwọ́ ara wa la máa fi kọ ọ́.

Wàá gbẹ́ pàǹtírí púpọ̀. Ìdérí ìgò, agolo sàdíìnì, bébà alumíníọ̀mù, wáyà zẹ́míjàn (alùpùpù akérò). Gbẹ́ gbogbo rẹ̀ ní oṣù méjì àkọ́kọ́, má fi ojú fo ìkankan, torí etí rẹ lo ń kọ́. Ohùn tó bá dọ́gba láti ọ̀tún sí òsì, tó tún dọ́gba láti òsì sí ọ̀tún, ìyẹn ló yẹ fún ọkọ́. Èyí tó ń gé, tó ń já, irin dúdú ni nígbà púpọ̀. Kó pàǹtírí náà sínú àpò, má dà á padà sínú ihò, kí o sì dí ihò rẹ. Ẹsẹ̀ olóko ló máa wọ̀ ọ́ bí o bá fi í sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi dé nìyí: ahoro.

Ní 1886, ọmọ ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ, ìlú sì di igbó títí àwọn tó kù fi padà wá tún un tẹ̀ dó lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì. Ohun tó wà lábẹ́ àwọn ògiri tó wó yẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: inú ilé ni àwọn baba wa ń sin òkú wọn sí. Yàrá tí o rò pé ìkòkò owó wà lábẹ́ rẹ̀, ibojì ni. Àwo rẹ á dún fún ẹ̀gbà idẹ tó wà lọ́wọ́ òkú, kò sì ní sọ fún ọ pé ọwọ́ ni.

Owó náà pàápàá, irin kọ́. Owó ẹyọ ni àwọn ará Kétu àtijọ́ ń ná, karawun tó ti òkun Íńdíà wá. Ọrọ̀ wọn mìíràn jẹ́ iyùn, sẹ̀gi, aṣọ, ẹran ọ̀sìn. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ aṣàwárí irin lè gbọ́, láti èyí tó kéré jù dé èyí tó wọ́n jù. Ìtàn pé àwọn baba wa ri wúrà mọ́lẹ̀ káàkiri, ẹnu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ni mo ti ń gbọ́ ọ jù.

Má súnmọ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, má súnmọ́ yàrà àti odi ìlú, má súnmọ́ igbó orò àti ojúbọ Ògún, níbi tó jẹ́ pé irin tó wà níbẹ̀, wọ́n dìídì fi í síbẹ̀ ni. Òfin orílẹ̀-èdè wa dáàbò bo irú ibi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin ò tilẹ̀ sí, nǹkan tí a bá fà yọ láti inú ilẹ̀ ahoro ti pàdánù ìtàn rẹ̀, kò sí ẹni tó lè mọ yàrá tó wà àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2021, Faransé dá ìṣúra 26 tí wọ́n kó ní Abọ́mẹ̀ padà fún Bẹ̀nẹ̀. Mo wà níwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà, omi bọ́ lójú mi. A kò lè máa bèèrè tiwa lọ́wọ́ àjèjì kí àwa fúnra wa wá máa fi ọkọ́ hú èyí tó kù tà. Bí ohun àtijọ́ kan bá jáde lójijì nínú oko, dá ọwọ́ dúró, ya àwòrán rẹ̀ níbi tó wà, kí o sọ fún àwọn àgbà ilé. Ní Àjàṣẹ́ tí o wà, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Alexandre Sènou Adandé wà níbẹ̀, lọ bá wọn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ta ẹ̀rọ elérìíàlì fún ọ, tí kò ní àwo, tó ní ó ń tọ́ka sí wúrà láti kìlómítà kan, sá fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan pàdánù owó ẹ̀gúsí odidi ọdún kan sórí irú rẹ̀. Nígbà tó gbé e wá fún mi láti tún ṣe, kò sí ohun tó lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ rárá. Ní 2013, ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi James McCormick sẹ́wọ̀n ọdún 10 torí pé ó ta irú òfìfo bẹ́ẹ̀ fún Ìráàkì pé ó ń wá bọ́ǹbù, ẹ̀mí sì ti ṣòfò. Góòlù wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń wà ní apá Atacora, ní àríwá orílẹ̀-èdè wa náà, ẹ̀rọ àkọ́rà kò lè gbọ́ ọ, ó kéré jù fún un.

Kí wá ni ẹ̀rọ yìí wúlò fún, bí kò bá sí ìṣúra? Àbúrò mi, wọ́n ti pè mí wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù nínú koríko, bọ́ọ̀nù (òpó ààlà ilẹ̀) tí erùpẹ̀ ti bò tí irin inú rẹ̀ sì dáhùn, àdá tó sọnù nínú oko ẹ̀gẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan sọ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ nù níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó ti wá a fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ace 250 ni mo gbé lọ́wọ́, ẹ̀rọ àkọ́rà gan-an, lórí ilẹ̀ tó kún fún ìdérí ìgò. Ó gbà mí ní wákàtí méjì. Nígbà tí mo gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀ tí mo nà án sí i, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn di ọwọ́ mi mú. Bí o bá ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan bẹ́ẹ̀, o ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́ bóyá owó rẹ ṣègbé.

Nítorí náà, rà á. Ri 50 fránǹkì mọ́ àgbàlá rẹ ní sẹ̀ǹtímítà 5, òmíràn ní 10, òmíràn ní 15, sàmì sí wọn, kí o máa rìn kọjá lórí wọn láràárọ̀ títí wàá fi mọ ohùn wọn bí o ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, tí wọn kò sì tíì kọ ebè tuntun, máa bọ̀ ní Kétu. Àmọ́ kí o tó gbé ọkọ́ wọ oko, kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé bàbá rẹ, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n sin òkú sí hàn ọ́.